GCE fún Ọmọ tí Ó Ṣì Wà ní Ilé-Ẹ̀kọ́

"Bàbá, ọmọ wa ti dé SS2. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba fọ́ọ̀mù GCE. Ṣé kí a gba tirẹ̀ náà ni, tàbí kí ó ní sùúrù?" Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí máa ń bi wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi nígbàkígbà tí àjọ WAEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ nǹkan, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìtàn ìgbà tiwa, ti igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé oúnjẹ àti ti agogo òwúrọ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ ìyẹn, wọn yóò sì sọ ọ́ dáadáa jù wá lọ. A rò pé ó sàn kí a fi àyè tí a fún wa dáhùn ìbéèrè àwọn òbí, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán, àti nítorí pé àwa pẹ̀lú jókòó fún GCE nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí a kò sì jẹ́ kí ọ̀gá àgbà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí a tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, ìdánwò Cambridge àti ti Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn bàbá wa ń ṣe. Ọ̀nà méjì ni ó wà nígbà náà, ọ̀nà méjì náà ni ó sì wà títí di òní: ọ̀kan fún ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì, èkejì fún ẹni tí kò ní àǹfààní kíláàsì. Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rárá. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 nípa ìwé tí ó ń dá kà nílé. Àwọn olùkọ́ Grade Two tí ìjọ rán lọ sí abúlé, àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìjọba, àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ni ó ń yọ nínú owó oṣù wọn láti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Rapid Results College ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé náà a sì máa dé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn a kà á lábẹ́ àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, wọn a dáhùn ìbéèrè, wọn a fi ránṣẹ́ padà, wọn a sì máa retí máàkì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn àlùfáà tí ó kọ́ wa ní sẹ́mínárì, àwọn kan wà tí kò gba ọ̀nà mìíràn ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá ń fi ojú tín-ín-rín wo GCE kò mọ ohun tí ó gbé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gòkè.

Orúkọ náà ti yí padà lórí ìwé. Ní 1988, nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ nínú ètò 6-3-3-4 ń jáde, SSCE gba ipò ìdánwò àtijọ́, WASSCE sì tẹ̀lé e. Ohun tí WAEC ń ṣe lónìí ni WASSCE ti àwọn aládàáni. NECO, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn kò kúrò lórí GCE, àwa náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ tiwa. Àwa mẹ́fà ni a kó owó jọ. A lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tí ó ń ṣe télọ̀ ní ìgboro, kí lẹ́tà àjọ ìdánwò má baà wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ti lu agogo oorun tán, a ó tan àbẹ́là lábẹ́ aṣọ ìbora, ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí pé ó lè jó gbogbo ilé ìsùn náà kanlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó máa tòògbé nínú kíláàsì kẹ́mísìrì, nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wa ní ohun kan náà gan-an tí a fi oorun du ara wa láti kà. Kò sí ẹni tí ó rí ìwà òmùgọ̀ inú rẹ̀ nínú wa nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n télọ̀ yẹn ni ó tú àṣírí wa láìmọ̀. Ó wá kí wa ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, ó sì fi ìwé ìdánwò wa lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun fún wa. A ti ń retí ẹgba. Ọ̀gá àgbà kò nà wá. Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè ọdún tí ó kọjá síwájú wa, wọ́n ní kí a fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ wa. Nínú ìwé físíìsì, àmì tí a ṣe ju ìdajì lọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "O ti san owó rẹ̀, lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ kó àbẹ́là yẹn wá."

Nínú ìwé mẹ́fà tí a jókòó fún, méjì péré ni a yege: Ìmọ̀ Bíbélì àti Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà yege nínú márùn-ún. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìparí kíláàsì kẹrin, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ kan. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìgbésí ayé rẹ̀; ó gòkè lẹ́nu iṣẹ́, ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú, kì í sì í pa àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ yìí jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo fọ́tò kíláàsì karùn-ún ti ọdún wa lára ògiri gbọ̀ngán. Kò sí níbẹ̀. Ní àjọ̀dún kan, a bá a níwájú fọ́tò náà, ó ń ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọdún kan péré ni mo fi ṣíwájú yín. N kò lè sọ ohun tí mo fi ọdún náà ṣe." A kò rí èsì fún un.

Kí a wá sọ ti òní. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ bá gbà nínú GCE ní iyì kan náà pẹ̀lú èyí tí ó bá gbà ní ilé-ẹ̀kọ́. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni àwọn yunifásítì ń béèrè, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́. A1 títí dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ yíyege lásán tí kì í ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. F9 ni ìkùnà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì gbà kí a pa èsì ìjókòó méjì pọ̀, èyí sì ni ó mú kí àwọn òbí fẹ́ràn GCE ìgbà SS2: bí ọmọ bá rí kírẹ́díìtì mẹ́ta níbẹ̀, yóò wá ìyókù nígbà tí ó bá ń jáde. Ìrònú náà kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kan wà tí kì í gba ìjókòó méjì fún iṣẹ́ ìṣègùn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ wádìí èyí kí ó tó náwó.

Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn òbí kò mọ̀ ni pé inú ìdánwò méjèèjì kò rí bákan náà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní máàkì tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti ń kó jọ fún un láti SS1, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fi ránṣẹ́ sí WAEC. Aládàáni kò ní olùkọ́ tí yóò jẹ́rìí fún un. Ohun tí ó bá kọ lọ́jọ́ náà nìkan ni tirẹ̀. Nínú físíìsì àti kẹ́mísìrì, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ nínú láàbù, aládàáni sì ń dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ náà lórí ìwé. Àwọn ọmọ gbà pé ti aládàáni ni ó rọrùn. A bá olùkọ́ kẹ́mísìrì kan sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò tíì di bùrẹ́ẹ̀tì mú rí, tí kò tíì rí i bí ẹ̀kán kan ṣoṣo ṣe ń yí àwọ̀ gbogbo omi inú ìgò padà, òun ni a ní kí ó wo àwòrán bùrẹ́ẹ̀tì kí ó sì sọ ìwọ̀n tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti ọdún kẹta. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni ìlànà ẹ̀kọ́ tí WAEC fi ń ṣe ìbéèrè. Ọmọ tí ó bá jókòó ní SS2 kò lè ti kọ́ ju ìpín méjì nínú mẹ́ta lọ, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá tilẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, SS3 ni ọmọ ń kọ́ bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, bí inú átọ́ọ̀mù ti rí, àti bí a ṣe ń ṣe ìṣirò mátíríìsì. Ẹ wo ìwé ìṣirò kejì fún àpẹẹrẹ. Ìbéèrè 13 ni ó wà nínú rẹ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ ni a fi ń ṣe é. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì wọn sì jẹ́ 40. Nínú mẹ́jọ tí ó kù, ọmọ yóò yan márùn-ún, fún máàkì 60. Yíyàn yẹn ni àánú tí ó wà nínú ìwé náà, nítorí pé ó fún ọmọ ní àyè láti fo ohun tí kò yé e. Bí mẹ́ta nínú mẹ́jọ bá jẹ́ iṣẹ́ SS3, ọmọ SS2 kò ní yíyàn kankan mọ́; ó di dandan fún un láti ṣe márùn-ún tí ó kù, ì báà yé e, ì báà má yé e. Òwe àwọn àgbà pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ọ̀rọ̀ náà bá ibí yìí mu gan-an.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Kò sí orí kan nínú rẹ̀ tí a fi pa mọ́ di SS3. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wo àròkọ rẹ̀, nítorí ó ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Máàkì 50 ni àròkọ náà ní: 10 fún ohun tí ọmọ sọ, 10 fún bí ó ṣe tò ó, 20 fún bí ó ṣe lo èdè, àti 10 fún àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti gírámà. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ṣe àṣìṣe 20 ti pàdánù gbogbo rẹ̀, bí ọgbọ́n inú àròkọ rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ bí ti Sólómọ́nì. Irú àléébù yìí kì í ṣe ohun tí SS3 nìkan lè wò sàn. Kíkọ àti títún kọ ni oògùn rẹ̀, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti SS1.

Nítorí náà, ohun tí a máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n má ṣe forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìwé mẹ́sàn-án. Aládàáni lè mú ìwé díẹ̀. Kí ọmọ SS2 mú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristi, àwọn ìwé tí ọmọ tí ó bá fẹ́ràn kíkà lè dá parí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Kí ó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́ láàbù rẹ̀. Ti ìṣirò wà lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ náà. Kí òbí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì gba ohun tí ó bá sọ.

Ní ti ìmúrasílẹ̀ fúnra rẹ̀, a kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń há ìdáhùn rẹ̀ sórí bí ẹni tí ń há katikísìmù. Ohun tí ó sàn jù, tí a kì í sì í rí lọ́wọ́ wọn, ni ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò tí WAEC ń gbé jáde, níbi tí wọ́n ti ń sọ àṣìṣe tí àwọn olùdánwò ṣe nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ ihò tí àwọn mìíràn já sí. Láti 2024 ni WAEC sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà nínú ìdánwò àwọn aládàáni, nítorí náà kí ọmọ tí kò mọ̀ ju fóònù lọ wá ibi tí yóò ti fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ náà tó dé. Lẹ́sìnnì kò burú, bí kò bá gba ìrọ̀lẹ́ márààrún lọ́wọ́ ọmọ. Kí ọmọ sì sùn. A sọ èyí nítorí àbẹ́là wa.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ̀. Ìdánwò náà lè bọ́ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá ń sá kúrò ní kíláàsì láti lọ ṣe é ti kọ́ irọ́ mọ́ ìwé. Ọ̀gá àgbà tí ó bá mọ̀ lè yọ̀ǹda ọjọ́ náà, ó sì lè fi olùkọ́ ti ọmọ lẹ́yìn. Bí èsì bá dé, kí a gbé e lọ fún olùkọ́. D7 tí ó dé ní àkókò kò jẹ́ ìtìjú. Ó ń fi ibi tí ilé ti ń jò hàn kí òjò ńlá tó dé. Méjì tí a yege nínú mẹ́fà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ní kíláàsì karùn-ún pé físíìsì ni kí a gbájú mọ́.

Ohun kan wà tí a kò lè fi ẹnu tútù sọ. Àwọn òbí kan kì í gba ọ̀nà aládàáni rárá. Ọmọ wọn wà ní SS2 níhìn-ín, wọ́n á lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bí ẹni pé ó wà ní SS3 níbẹ̀, kí ó lè ṣe WASSCE ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yóò sì ṣe máàkì ọdún mẹ́ta fún ọmọ tí kò kọ́ rí. Awọ ewúrẹ́ ọwọ́ Jákọ́bù nìyẹn, ìyá ni ó sì tún ń so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi ti àtijọ́. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ń pè é ní "miracle centre". Ó dùn wá pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n fi sọ olè jíjà lórúkọ. Ní ìgbà tiwa, "expo" ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn tí ìbéèrè WAEC tú síta ní 1977. Ó kéré tán, orúkọ yẹn kò pa irọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá GED ni GCE tiwọn. Wọ́n jọra lójú, wọn kò jọra nídìí. Ní 1942 ni a dá GED sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí wọn kò parí ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé mẹ́rin ni: èdè, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, máàkì 145 ni a fi ń yege nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ lè máa kàwé fún un nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n láti jókòó fún un, òfin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ètò àkànṣe. Arọ́pò ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ni GED, kì í ṣe àfikún rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe yọ ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bi ọmọ léèrè níbẹ̀ bóyá ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Níhìn-ín, ojú òbí ni ó kù tí ó gbọ́dọ̀ bi í.

Nítorí pé ìkánjú ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde pé ọmọ ọdún 18 ni yóò máa wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dá a padà sí 16. Inú ọ̀pọ̀ òbí dùn. Àwa tí a ti ṣe àlùfáà nítòsí yunifásítì ti gba àwọn ọmọ ọdún 16 lálejò ní òru, ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná fún oṣù kan, tí kò sì mọ bí a ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé rárá. Lúùkù sọ fún wa pé ọmọ ọdún 12 ni Jésù nígbà tí Ó ń bá àwọn olùkọ́ni sọ̀rọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì tí ẹnu sì yà wọ́n. Bí GCE bá wà nígbà náà, ìbá yege. Ó bá àwọn òbí Rẹ̀ padà sí Násárẹ́tì, ó sì tó ọdún 18 kí a tó tún gbọ́ nípa Rẹ̀.

Ìyá kan tí ó bi wá ní ìbéèrè yìí gba ìmọ̀ràn wa. Ìwé mẹ́ta ni ọmọbìnrin rẹ̀ mú, ó sì dúró de ìdánwò apá òpin ọdún, tí ó bọ́ sí táàmù kìíní SS3 rẹ̀. Ìgbákejì ọ̀gá àgbà mọ̀ sí i. Ní gbogbo Sátidé, ọmọ náà ń kọ àròkọ kan, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì sì ń fi gègé pupa yọ ààbọ̀ máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí àkọ́kọ́, àṣìṣe 23 ni ó wà. Nínú èyí tí ó kọ kẹ́yìn kí ó tó lọ ṣe ìdánwò, méje ni. Èsì kò tíì jáde bí a ti ń kọ èyí. Ọmọ náà ti padà sí láàbù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di bùrẹ́ẹ̀tì mú.